Nọ́ńbà Funfun Ara Ẹ́ńjìnnì

Ọkọ̀ náà kò kú, bẹ́ẹ̀ ni kò yè. Bí wọ́n bá ṣáná sí i, á jẹ́. Bí wọ́n bá tẹná, á gbéra bí ẹni tó fẹ́ sáré, kò ní pẹ́ á kọsẹ̀, á gbọ̀n, á tún gbéra. Iná kékeré kan á sì máa ṣẹ́jú níwájú ẹni tó ń wà á. Ọkọ̀ olówó gọbọi ni, dúdú, awọ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀, bí èèyàn bá sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ariwo rẹ̀ kò ju ti ìwé tí wọ́n pa dé lọ. Ẹnjiníà tó rà á ti kú láti ọdún mẹ́rin. Opó rẹ̀ ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn ní àdúgbò ju Nọ́ọ̀sì lọ.

Ọkùnrin tí Nọ́ọ̀sì pè kó wá wo ọkọ̀ náà, Ọ̀gá Rọra ni wọ́n ń pè é. Mẹkáníìkì ni, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Orúkọ yẹn mọ́ ọn lára nítorí pé kò sí nọ́ọ̀tì tó fẹ́ tú tí kò ní kọ́kọ́ sọ fún un pé, "Rọra, rọra," àfi bí ẹni pé irin ní etí. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú láti ọdún mẹ́jọ. Láti ìgbà náà, ó ń jí, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun ní ìdúró. Ó ti gbà pé ibi tí ọ̀rọ̀ òun parí sí nìyẹn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé ilé Nọ́ọ̀sì, ó bá bàbá arúgbó kan lórí àga nínú gáréèjì, ìwé ìròyìn wà lórí itan rẹ̀. Bàbá Nọ́ọ̀sì ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìntì, tó wá ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà ti di opó.

"Ìwọ ni mẹkáníìkì?"

"Èmi ni, bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti di ọdún márùndínlógójì, bàbá."

"Ó dáa. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Mò ń wò ọ́."

Ọ̀gá Rọra ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fa àkísà yọ kó lè nu ìdọ̀tí orí ẹ́ńjìnnì, àmọ́ Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ dá a dúró. Ilé púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ló tò tẹ̀léra wọn lórí ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n sì ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, láti orí ọ̀kan dé orí mẹ́fà.

"Nọ́ńbà ọkọ mi nìyẹn," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wọ́n rẹ́."

"Mi ò ní pa wọ́n rẹ́, mà."

Ó so ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àìsàn ọkọ̀ mọ́ abẹ́ sítíárì. Ẹ̀rọ náà ní ilé kejì ni iná kì í ti í jó déédéé. Márùn-ún ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń kọsẹ̀. Ọ̀gá Rọra fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó yára mú un kúrò.

"Ó ṣì gbóná. Àfi kó tutù kí n tó tú púlọ́ọ̀gì. Bí mo bá tú u báyìí, ó lè ba ojú irin tó wé mọ́ jẹ́."

"Báwo ni yóò ti pẹ́ tó?"

"Á tó wákàtí kan ààbọ̀."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Àwọn dókítà ibi iṣẹ́ wa kò ní irú sùúrù yìí fún èèyàn, ẹ̀yin ń ṣe é fún irin."

Wákàtí kan ààbọ̀ yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn tó ń dun àwọn tó ń fi ìdúró ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì mú àkísà tí ọkùnrin náà gbé sílẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin láìmọ̀ pé òun ń ká a. Bó bá pe "ọkọ mi", àfi bí ẹni pé ọkùnrin náà kàn jáde lọ ra nǹkan ní òdìkejì títì ni. Ọ̀gá Rọra ń gbọ́, ó ń wo ọwọ́ obìnrin náà lórí àkísà, kò sì lè sọ ohun tó ń ṣe òun.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó yọ púlọ́ọ̀gì àtijọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n ti jẹ lẹ́nu. Ọwọ́ lásán ló fi kọ́kọ́ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan tuntun wọlé kó tó fi sípánà dè é le, kí ó má baà wọlé lódì. Ó ṣáná. Ọkọ̀ náà dún bí ẹni tó ń kun orin sínú. Ìṣẹ́jú méjì kọjá.

"Ó ti kọsẹ̀ o," ni bàbá wí. Kò gbé ojú kúrò nínú ìwé ìròyìn rẹ̀.

Ẹ̀rọ ní ilé kejì ni.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Ọ̀gá Rọra padà wá. Nọ́ọ̀sì ti ń wọ ọkọ̀ èrò lọ síbi iṣẹ́ nígbà náà. Ó yọ kọ́ìlì, ohun tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì, ní ibi tí wọ́n kọ méjì sí, ó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n kọ mẹ́rin sí, ó sì gbé ti ibẹ̀ wá. Ó ṣàlàyé fún bàbá pé bó bá jẹ́ kọ́ìlì ló jẹ̀bi, àìsàn náà yóò bá a lọ sí ilé tuntun. Bí kò bá jẹ̀bi, àìsàn náà yóò jókòó síbi tó wà.

"Èyí bá òfin mu," ni bàbá wí, ó sì pa ìwé ìròyìn dé.

Wọ́n ṣáná. Ọkọ̀ kọsẹ̀. Ẹ̀rọ ní ilé kejì ni.

"Kọ́ìlì ti gba ìdáláre," ni bàbá wí. "Ta ló kù?"

Ọ̀gá Rọra dúró síbẹ̀, ó ń wo nọ́ńbà funfun wọ̀nyẹn. Èrò kan kọjá lọ́kàn rẹ̀. Láti ìhà gíláàsì iwájú ni nọ́ńbà náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí sí iwájú pátápátá, níbi tí bẹ́líìtì wà. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó mọ̀, ìhà bẹ́líìtì ni wọ́n ti ń ka ilé kìíní. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ọkọ̀ mìíràn máa ń kà á láti ẹ̀yìn. Ẹnjiníà ló kọ ọ́, ẹnjiníà náà sì ní ìwé ọkọ̀ náà lọ́wọ́. Ta ni òun tí yóò máa yẹ iṣẹ́ òkú wò? Síbẹ̀, ìka rẹ̀ ti ń lọ sí iwájú láti kà á. Ìgbà yẹn ni Nọ́ọ̀sì gbé àga kejì wọlé.

"Ẹ jókòó díẹ̀. Ẹ ti dúró jù."

Ó jókòó. Ìka rẹ̀ kò padà síbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Rọra tó jẹ́ obìnrin ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Iwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ ni obìnrin náà ti ń ta ọ́ìlì àti bẹ́líìtì ọkọ̀, kò sì sí ohun tó ń kọjá níbẹ̀ tí kò rí.

"Àbúrò mi, ọkọ̀ yẹn ló ń ṣàìsàn ni, àbí ìwọ?"

"Ọkọ̀ ni."

"O wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ tú ẹ́ńjìnnì."

Ọ̀gá Rọra bẹ̀rẹ̀ sí í nu jáàkì.

"Mò ń bá ẹni kan sọ̀rọ̀ àbí mò ń bá jáàkì sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Bí mo bá wà níbẹ̀, ojú ń tì mí. Bí mi ò bá sí níbẹ̀, mi ò lè jókòó."

"Ó ti tó. Má sọ̀rọ̀ mọ́ kí o má baà ba á jẹ́. Èmi á lọ."

Ó lọ lóòótọ́, ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, ó wé gèlè. Nígbà tó padà dé, ó jókòó, ó tú gèlè náà, ó gbé e sórí orúnkún kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá náà bi mí ní ìbéèrè títí ó fi kù díẹ̀ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe. Ó ní ọkùnrin tí kò rí ibi tí ọkọ̀ ti ń ṣàìsàn, báwo ló ṣe máa rí ibi tó ń dun ọmọ òun? Ó ní kí o tún ọkọ̀ náà ṣe ná. Ọjọ́ tí kò bá kọsẹ̀ mọ́, kí o wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ lójú òun àti lójú ọmọ òun."

"Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ló wí?"

"Ó ń ká aṣọ. Aṣọ kan ṣoṣo ló ká lẹ́ẹ̀mẹta."

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Ọ̀gá Rọra kò ti dúró lójú kan. Bí ọkọ̀ bá dára, àfi kó sọ̀rọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, obìnrin náà lè kọ̀. Bó bá kọ̀, kí ni yóò tún máa wá ṣe ní gáréèjì yẹn? Bí ọkọ̀ kò bá sì dára, yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, àmọ́ orúkọ rẹ̀ yóò ti di yẹ̀yẹ́ lẹ́nu bàbá. Ó ń fẹ́ kó dára. Ó ń bẹ̀rù kó dára. Ó tilẹ̀ ṣe nǹkan tí kò ṣe rí: ó tú nọ́ọ̀tì kan láì sọ fún un pé kó rọra.

Ní ìgbà kẹta tó lọ síbẹ̀, ó yẹ ẹnu kékeré tó ń tu epo sínú ilé tí wọ́n kọ méjì sí wò, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà. Ọkọ̀ kọsẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín wá wí."

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Kí lẹ rò sí i?"

"Ọ̀gá, mi ò fẹ́ purọ́ fún yín. Bí ẹ bá bi mí láàárọ̀, màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá bi mí nírọ̀lẹ́, màá ní rárá o."

"Ọ̀sán nìyí."

"Ṣé ẹ wá rí i," ó ní, ó sì yára padà wọlé.

Ọjọ́ kẹrin sí ìgbà yẹn, wọ́n gbé ọkọ̀ mìíràn tó jẹ́ irú ti Nọ́ọ̀sì gan-an wá sí ṣọ́ọ̀bù, òun náà ń kọsẹ̀. Ẹ̀rọ ní ilé kẹta ni. Ọwọ́ Ọ̀gá Rọra ti dé ilé kẹta láti ìhà bẹ́líìtì kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Kọ́ìlì ibẹ̀ ló bàjẹ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó dúró tì í, kọ́ìlì tó bàjẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí nọ́ńbà kankan lára ẹ́ńjìnnì yìí, ó sì rí ibi tó ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò jẹun kó tó lọ sílé Nọ́ọ̀sì. Ó bá bàbá níbi tó máa ń wà. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ìka sí ìhà bẹ́líìtì, ó kà á: ọ̀kan, méjì. Ibi tí ìka rẹ̀ dúró sí, márùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó fa kọ́ìlì ibẹ̀ yọ. Rọ́bà ìdí rẹ̀ ti sán, ìlà funfun tín-ín-rín kan sì wà lára rẹ̀ níbi tí iná ti ń sá jáde. Ó fi tuntun sí i, ó ṣáná. Ọkọ̀ náà kò kọsẹ̀.

"Mo gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí," ni bàbá wí, ó sì wọ iwájú ọkọ̀. Wọ́n gun òkè ńlá lọ, wọ́n sọ̀ ọ́ bọ̀. Ọkọ̀ ń lọ bí omi. Nígbà tí wọ́n dé, Nọ́ọ̀sì ti dúró nínú gáréèjì, aṣọ iṣẹ́ wà lára rẹ̀.

"Kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀?" ni bàbá béèrè.

Ọ̀gá Rọra tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo nọ́ńbà funfun náà. Ẹni tó fẹ́ gba ipò ọkùnrin kan lọ́kàn ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró nínú ilé ọkùnrin náà kó máa sọ pé kò mọ nọ́ńbà kà. Bó ṣe rò ó nìyẹn.

"Èmi ni, bàbá. Mo so okùn kan láìdáa ní ilé kejì."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Àìsàn ọkọ̀ yìí ló gbé ọ dé ibí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Báwo ni okùn tí o kò tíì so ṣe mú un ṣàìsàn?"

Ọ̀gá Rọra fa àkísà yọ, ó ń nu ọwọ́. Nọ́ọ̀sì ló sọ̀rọ̀.

"Mo wò yín láti ojú fèrèsé. Ibi tí wọ́n kọ márùn-ún sí lẹ ti yọ nǹkan yẹn. Ṣé òdì ni wọ́n kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn?"

"Mà, ọ̀rọ̀ yẹn kò..."

"Ọ̀gá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Òdì ni."

Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé ara ọkọ̀ náà.

"Èmi ni mo kọ wọ́n. Ọkọ mi jókòó síbi tí bàbá máa ń jókòó yẹn. Ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n díẹ̀, kí n bá òun kọ ọ́. Mo dúró níbí, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ mi. Nígbà tí mo parí, ó wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára gan-an." Ó fi ìka kan nọ́ńbà márùn-ún. "Ẹnjiníà ni. Ó rí i. Kò kàn fẹ́ kí ojú tì mí ni. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo tó mọ àìsàn tó ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, èyí tó pa á. Èmi nọ́ọ̀sì, nínú ilé èmi fúnra mi. Ó ní òun kò fẹ́ kí n dààmú."

"Mi ò fẹ́ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lójú yín ni," ni Ọ̀gá Rọra wí.

"Mo mọ̀. Inúure ni. Irú inúure yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ máa lọ sílé."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó jáde, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Àìmọye ìgbà ló tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ó purọ́ láti dáàbò bo òkú tí kò ṣẹ̀, irọ́ náà sì bọ́ sórí ẹni tó wà láàyè. Bó bá sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, ṣé kò ní dun Nọ́ọ̀sì tó bẹ́ẹ̀? Kò mọ̀. Nígbà tí ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó tún wé gèlè lọ síbẹ̀.

"Kí ló wí?" ni Ọ̀gá Rọra béèrè nígbà tó padà dé.

"Ó ní òun kò bínú. Ó ní kí o má wá. Mo dìde, ó sìn mí dé ojú ọ̀nà, ó ní ṣé o ń jẹun. Mo ní o ń jẹ ní ìdúró. Ó ní bóyá kí o wá."

"Kí n wá tàbí kí n má wá?"

"Èmi wo lo ń bi? Ìwọ náà lọ gbọ́ tìrẹ."

Ó lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Iyàrá àlejò ni wọ́n gbà á sí. Nọ́ọ̀sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ṣé ọkọ̀ tún ti kọsẹ̀ ni?" ni bàbá béèrè.

"Rárá, bàbá. Ẹ ní ọjọ́ tí kò bá kọsẹ̀ mọ́ kí n wá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Jókòó. Sọ ọ́."

"Ní ọjọ́ kejì tí mo wá, ọkàn mi ti sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òdì ni nọ́ńbà náà. Ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí láti mọ̀. Mi ò kà á. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ọ̀wọ̀ olóògbé ló dá mi dúró. Bóyá òun ni. Bóyá nítorí pé bí mo bá rí i, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, mi ò sì ní rí ìdí tí màá fi máa wá síbí mọ́. Mo ti gbìyànjú láti ya méjèèjì sọ́tọ̀, mi ò lè yà á. Mo fẹ́ ọmọ yín, bàbá. Ohun tí mo mọ̀ dájú nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn."

"Nítorí náà ni ọmọ mi fi wọkọ̀ èrò lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Èmi náà sì jókòó ti ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ẹ má bínú."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ ní kóòtù. Àwọn tó fi ẹnu ara wọn jẹ́rìí ta ko ara wọn láìjẹ́ pé wọ́n fagbára mú wọn, wọn kò pé mẹ́ta. Èmi kò ní àtakò mọ́. Ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

Nọ́ọ̀sì yíjú kúrò lójú fèrèsé. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Bí ara yín kò bá yá, ìgbà wo ni màá gbọ́?"

Ọ̀gá Rọra la ẹnu láti sọ pé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó tún un rò. Ó wo ilẹ̀.

"Lónìí," ó ní. "Ojú ọ̀tún mi kò ríran dáadáa mọ́. Nǹkan kan ń bò ó bí èéfín. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ púlọ́ọ̀gì tó bá wà lápá ibẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún kan."

"Ta ló mọ̀?"

"Dókítà tó wò ó. Ẹ̀yin méjèèjì báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?"

"Kò mọ̀. Mi ò fẹ́ kó dààmú." Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì dìde, ó wọ inú yàrá lọ. Ọ̀gá Rọra rò pé ó ti parí. Ó ti ń wá ibi tí yóò fọwọ́ tì kí ó lè dìde nígbà tí obìnrin náà jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kékeré. Ó gbá a ní àgbọ̀n mú, ó gbé ojú rẹ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ wo òkè. Ẹ wo ọ̀dọ̀ bàbá. Ẹ má ṣẹ́jú." Ó wò ó pẹ́. "Ó ti bo ojú náà dé ìdajì. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Ó ti yẹ kí ẹ ti ṣe é tipẹ́."

"Ọkùnrin yìí wá béèrè nǹkan," ni bàbá wí láti orí àga rẹ̀. "Èmi kò tíì gbọ́ ìdáhùn."

"Bàbá, ẹ bá mi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ ní kó wá, ká jọ mú ọjọ́."

"Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni, àbí ọjọ́ ìgbéyàwó?"

"Méjèèjì. Ti ojú ló máa ṣáájú. Mo fẹ́ kó ríran dáadáa wo ẹni tó ń fẹ́."

Ọ̀gá Rọra bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni Nọ́ọ̀sì wí. Kò tíì fi àgbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. "Ojú yín ń mì."